Pèrègún ní Ojú Ààlà: Igi tí Kì í Wọ́wé ní Àyíká Ilé

Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ igi tí a ń gbìn yí ilé ká ni a fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni. Ẹwà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, igi tí ó wà ní etí ilé tàbí ní ìpẹ̀kun oko ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹlẹ́rìí ni. Ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ibi báyìí ni ilẹ̀ lágbájá parí sí, ibi báyìí ni ti ẹlòmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn igi tí àwọn baba wa fi ṣe irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, pèrègún ni ó gbajúmọ̀ jù, akòko sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé igi tí kì í wọ́wé ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ yìí, bí a ṣe ń gbìn ín, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí ń bọ́ lọ́wọ́ wa bí a ti ń hú u dànù.

Irú igi tí kì í wọ́wé

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀nà méjì ni àwọn igi ilẹ̀ wa ń gbà dojú kọ ọ́. Àwọn kan a bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀. Àràbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bọ̀tujẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní làpálàpá, jẹ́ òmíràn. Kì í ṣe àìsàn ni ó ń ṣe wọ́n. Ojú ewé ni omi ara igi ń gbà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tí gbòǹgbò kò sì rí omi tí ó tó fà mọ́, igi tí ó bá ṣì gbé gbogbo ewé rẹ̀ rù dà bí ẹni tí ń pọn omi sínú agbè tí ó ti lu. Ìdí nìyí tí irú igi bẹ́ẹ̀ fi ń wọ́wé, tí yóò sì dúró ní ìhòòhò títí òjò yóò fi padà.

Àwọn kejì kì í bọ́ṣọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé ewé wọn kì í já bọ́ rárá. Ewé pèrègún ń gbó, ó ń pọ́n, ó sì ń bọ́ láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ti ń bọ́ ní ìsàlẹ̀ ni òmíràn ń yọ ní òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí a ó bá igi náà láìní ewé lórí. Ewé náà nípọn, ó ń dán, ohun kan tí ó dà bí ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò ó lójú, èyí tí kì í jẹ́ kí omi tètè bọ́ lára rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ewéko yóò rí ohun púpọ̀ mú jáde lára igi yìí. Kí ó já ewé kan, kí ó fi han kíláàsì pé àwọn iṣan ewé náà tò lọ gbọọrọ láti ìdí dé orí, gẹ́gẹ́ bí ti àgbàdo. Ìbátan àgbàdo, ọ̀pẹ àti àlùbọ́sà ni pèrègún jẹ́ ní ti pé ewé kan ṣoṣo ni èso wọn fi ń hù, kì í ṣe ewé méjì bí ti ẹ̀wà. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1762. Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà túmọ̀ sí olóòórùn dídùn, nítorí òdòdó rẹ̀, tí ó máa ń là nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ta sánsán jìnnà. Nínú igbó, pèrègún lè ga tó mítà 15, ewé rẹ̀ sì lè gùn ju mítà 1 lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀: láti Ivory Coast títí dé Sudan, àti sí ìsàlẹ̀ dé Angola àti Mozambique, a ń rí i.

Ìdí tí pèrègún fi di ẹlẹ́rìí

Àwọn baba wa kò ṣèèṣì yan igi yìí. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí ìdí márùn-ún.

Èkíní ni àkókò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbẹ̀ ń ṣán oko tuntun, tí ó sì ń sun igbó. Ìgbà náà ni ó rọrùn jù fún ẹnìkan láti fi àdá wọ inú ilẹ̀ ẹlòmíràn, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Ìgbà náà gan-an ni koríko ti gbẹ, tí ewé igi mìíràn ti wọ́, tí pèrègún sì dúró tútù yọ̀yọ̀ lójú ààlà. Àlejò tí kò dé ilẹ̀ náà rí yóò rí i láti òkèèrè.

Èkejì ni bí a ṣe tò ó. Igbó kì í to ara rẹ̀. Ẹyẹ lè gbé èso pèrègún kan lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, kí ó sì hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ogún pèrègún tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì dọ́gba, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹyẹ ni ó ṣe é. Ọwọ́ ènìyàn ni, ọwọ́ náà sì ní ohun tí ó fẹ́ sọ.

Ẹ̀kẹta ni pé pípa rẹ̀ kò rọrùn. Bí a bá bẹ́ pèrègún lórí, abẹ́ ibi tí a ti bẹ́ ẹ ni yóò ti yọ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá gé e kúrò nílẹ̀ tí a fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, kùkùté náà a tún rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á run gbọ́dọ̀ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ihò tí ó bá sì fi sílẹ̀ yóò di ẹlẹ́rìí mìíràn lòdì sí i.

Ẹ̀kẹrin ni pé kò ní èrè fún olè. Ká ní ọ̀pẹ tàbí obì ni a gbìn sójú ààlà, kíkórè rẹ̀ nìkan ì bá tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò méjèèjì. Pèrègún kò ní èso tí a ń tà lọ́jà. Igi rẹ̀ rọ̀, kò ṣe é là ní pákó, kò sì dára fún ìdáná. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní nǹkan ìkọ̀kọ̀ nínú kò ní ìdí láti gé e.

Ẹ̀karùn-ún ni àṣà ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú àṣà wa, ẹni tí a fi ilẹ̀ yá kí ó fi dáko, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Kí ni ìdí? Ìdí ni pé ohun ọ̀gbìn tí yóò pẹ́ nílẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹni tí ó gbin ohun tí yóò gbẹ̀yìn òun ń sọ pé ilẹ̀ náà kò ní ti ọwọ́ òun bọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí a bá lóye èyí, a ó mọ̀ pé gbígbin pèrègún sí ojú ààlà jẹ́ gbólóhùn kan tí a sọ ní gbangba.

Akòko àti bọ̀tujẹ̀

Akòko náà kì í dúró láìléwé. Newbouldia laevis ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ó ń ga lọ tààrà, kì í sì í fẹ̀ lọ títí, nítorí náà ó ṣe é tò sí ibi tí àyè kò bá pọ̀. Òdòdó rẹ̀, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tóbi, ó sì wuni. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ewé akòko ni a ń fi sí orí ẹni tí a bá fi joyè. Ewé tí ẹ̀ẹ̀rùn kò borí ni ó yẹ orí ẹni tí a ń gbàdúrà pé kí ó pẹ́ lórí oyè.

Bọ̀tujẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àárín ni ó ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n sì tàn án ká. Ó tètè ń hù, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ó wúlò láti fi sọgbà yí ilé tàbí ọgbà ẹ̀fọ́ ká. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ a wọ́, ọgbà náà a sì di ọ̀pá lásán. Ó dára bí adènà, kò dára tó bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá gbìn ín sí ilé tí ọmọdé wà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, nítorí májèlé wà nínú èso rẹ̀, ó sì lè dùn lẹ́nu ọmọdé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Kì í ṣe àwa nìkan

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Akòko wa ni àwọn Ígbò ń pè ní ogirisi, àwọn náà sì ń fi í pààlà. Ní ìhà kejì Áfíríkà, ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, àwọn ẹ̀yà Chagga ń gbin pèrègún kan náà yìí yí ilẹ̀ wọn ká. Masale ni wọ́n ń pè é. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn méjì, ewé rẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ tọrọ àforíjì máa ń mú lọ bá ẹnìkejì. Igi tí ó pa ààlà sáàárín wọn ni ó tún ń parí ìjà wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò ti bá orúkọ họ́lì pàdé nínú ìtàn ọdún Kérésìmesì, láìmọ irú igi tí ó jẹ́. Igi tí kì í wọ́wé ni òun náà. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ẹ̀gún sì wà létí rẹ̀. Nígbà òtútù ni èso rẹ̀ máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀. Akọ rẹ̀ ọ̀tọ̀, abo rẹ̀ ọ̀tọ̀: abo kì í so bí kò bá sí akọ nítòsí tí kòkòrò lè ti gbé àtíkè òdòdó wá fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbìn ín yí ilé ká bí ọgbà. Ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ fún wa ni òtútù jẹ́ fún wọn: àkókò tí igi yòókù ń bọ́ra sílẹ̀. Igi tí kò bọ́ra ni ojú àwọn náà lọ sí. Kò yẹ kí a torí èyí máa wá họ́lì kiri, nítorí ibi tútù ni ó bá a lára mu. Ohun tí ó ń ṣe fún wọn ni pèrègún ti ń ṣe fún wa látọjọ́ pípẹ́.

Ní Brazil pàápàá, nínú àwọn ilé ẹ̀sìn Candomblé, a ṣì ń gbọ́ orúkọ méjèèjì, peregum àti acocô. Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò rí ilẹ̀ baba wọn gbé lọ, ṣùgbọ́n orúkọ igi tí ó wà lójú ilẹ̀ náà kò kúrò lẹ́nu wọn.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Gbígbin pèrègún kò le. Ọ̀pá rẹ̀ ni a ń gbìn, kì í ṣe èso. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún, kí a yan ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, kí a gé e sí ọ̀pá tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Kí a gé orí rẹ̀ gbọọrọ, kí a sì gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí a má baà fi orí gbìn ín sílẹ̀. Ó dára kí a tò wọ́n sí ibòòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ, nítorí ọgbẹ́ tútù nínú ilẹ̀ tútù a máa jẹrà.

Lẹ́yìn náà, kí a ta okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí a wa ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kí a ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, kí a sì tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ki. Bí ọgbà ni a fẹ́, tí a kò fẹ́ kí ẹran rí àyè kọjá, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Bí ó bá jẹ́ àmì ààlà oko ni, àlàfo náà lè tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá ṣáà ti dọ́gba. Kí a má ṣe gbìn ín síbi tí omi ń dúró sí, nítorí omi tí kò lọ a máa ra gbòǹgbò rẹ̀. Kò kọ ibòòji. Oòrùn líle ni ó lè jó ewé rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣì kéré.

Ọdún kìn-ín-ní ni ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ jù. Kí a máa ro ìdí rẹ̀, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Nínú oko, a gbọ́dọ̀ mú koríko náà kúrò kí àkókò igbó sísun tó tó, kí a sì ro ìhà méjèèjì mọ́ kí iná má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti ga dé àyà ènìyàn, kí a bẹ́ orí rẹ̀. Yóò yọ ẹ̀ka, ọgbà yóò sì ki. Bí ọ̀kan bá kú láàárín, kí a tètè fi òmíràn dípò rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo nínú ìtò pèrègún ni ẹni tí ń wá ilẹ̀ onílẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Akòko náà, ọ̀pá ni a fi ń gbìn ín, ọ̀nà kan náà ni a sì ń gbà. Bí a bá fẹ́ kí ó jẹ́ ọgbà, a gbọ́dọ̀ máa bẹ́ ẹ lórí déédéé, nítorí igi tí ó lè ga ni.

Ohun tí ń bọ́ lọ́wọ́ wa

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Ayé ti yí padà. A ní búlọ́ọ̀kù, a ní sìmẹ́ńtì, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sì wà. Kí ni a tún ń fi pèrègún ṣe?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ògiri. Ṣùgbọ́n ògiri gba owó púpọ̀, bí a kò bá sì fi ojú sílẹ̀ fún omi, yóò darí àgbàrá sí ilé aládùúgbò. Ọgbà pèrègún ń jẹ́ kí omi kọjá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú. A kò sì sọ pé pèrègún lè dípò iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi àbójútó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà rẹ̀, ìwé ti di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ sùn kí ó han-run. Síbẹ̀, ilẹ̀ ẹbí tí kò ní àwòrán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kò níye. Bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá di ẹjọ́, ẹni tí ó pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ibi tí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí han ilé ẹjọ́ láìsí iyèméjì. Adájọ́ lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ibẹ̀. Kí ni ẹbí yóò fi hàn án bí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ti kú, tí wọ́n sì ti hú pèrègún?

Àwọn kan ń hú u nítorí ẹ̀sìn. Wọ́n rí i pé pèrègún wà ní ojúbọ Ògún àti ti àwọn òrìṣà mìíràn, wọ́n sì rò pé ẹbọ ni ibikíbi tí ó bá wà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan náà lè wà ní ojúbọ, kí ó sì wà lójú ààlà, gẹ́gẹ́ bí epo ti wà nínú ẹbọ tí ó sì wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá hú pèrègún ààlà kò lé òrìṣà kankan lọ. Ẹlẹ́rìí baba rẹ̀ ni ó lé. Àwọn mìíràn ń hú u kí wọ́n lè gbin òdòdó tí ó ti òkèèrè wá, bíi króótọ́nù. Àwọn òdòdó náà dára fún iwájú ilé, ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni a ti ń gbìn wọ́n fún ọ̀ṣọ́. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ààlà nìyí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ ṣe méjèèjì. Kí ó pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀, kí ó sì gbin pèrègún tẹ̀ lé ìlà tí ó bá fà, ní ojú aládùúgbò rẹ̀ àti ti àwọn àgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Òpó sìmẹ́ńtì lè fara sin sábẹ́ koríko. Pèrègún yóò fi ibi tí ó wà hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà fún yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbin pèrègún yí ọgbà ilé ìwé ká. Ẹ̀kọ́ ewéko ni, ẹ̀kọ́ ìṣirò ni, ẹ̀kọ́ àṣà sì ni. Ní àkókò ìsinmi, ẹ rán wọn sí àwọn bàbá àti ìyá wọn àgbà pé kí wọ́n bá wọn rìn yí ilẹ̀ ẹbí ká, kí wọ́n ka iye pèrègún tí ó kù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa kí ọmọ aládùúgbò lọ́jọ́ iwájú, kí ó tọ́jú ọ̀pá pèrègún sílẹ̀ de òjò tí ń bọ̀.